Ẹsẹ̀ Ló Ni Ìjókòó, Ọwọ́ Ló Ni Háńdù: Bí A Ṣe Ń To Kẹ̀kẹ́ fún Ọ̀nà Tí Kò Ní Ọ̀dà

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yẹ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà wò. Oníbàárà á gun orí rẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ láìgbé gìgísẹ̀, á ní ó bá òun mu. Bí kò bá kàn án, ẹni tó ń tà á á mú sípánà, á rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ sí háńdù, bó bá sì jìnnà sí i, wọn á tún ti ìjókòó náà síwájú. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò báyìí ṣeé gùn dé ilé lórí títì ọlọ́dà. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gbé e wọ ọ̀nà oko, níbi tí yangí ti yọrí, tí àgbàrá òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, tí gbòǹgbò igi sì dábùú, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún kó tó rìn jìnnà, ọwọ́ rẹ̀ á kú, bó bá sì dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀rù á bà á. Á wá máa rò pé òun ni kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe to ìjókòó àti háńdù rẹ̀ ni kò bá ara rẹ̀ mu, tí kò sì bá ọ̀nà mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú àlàyé yìí ni pé ẹsẹ̀ ló ni ìjókòó, ọwọ́ ló sì ni háńdù. Ibi tí pẹ́dà wà la fi ń mọ ibi tí ìjókòó yóò wà. Kì í ṣe ilẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe háńdù. Ìgbà tí ìjókòó bá ti wà láyè rẹ̀ la tó ń gbé háńdù wá pàdé ọwọ́. Ẹni tó bá ti ìjókòó síwájú nítorí pé háńdù jìnnà sí i kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ háńdù, ó sì ti ba ti ẹsẹ̀ jẹ́.

Lórí ọ̀dà, ènìyàn lè jókòó fún odidi wákàtí kan, kó máa yí pẹ́dà lọ láìdìde. Lójú ọ̀nà yangí, ara kì í dúró sójú kan. A máa ń jókòó gun òkè, a máa ń dìde dúró lórí pẹ́dà bí a bá rí òkúta níwájú, a máa ń fa ìdí sẹ́yìn bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì máa mì lábẹ́ wa bí ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni ìjókòó àti háńdù kẹ̀kẹ́ agunkè onítáyà gbàǹgbà ń ṣe: ọ̀kan fún ẹni tó jókòó tó ń lo agbára, èkejì fún ẹni tó dúró tó ń wá ọ̀nà tí kò fi ní ṣubú. Iṣẹ́ méjèèjì yìí máa ń ta kora, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi gíga ìjókòó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le há àárín itan, kí ẹ sì fà á sókè títí yóò fi tì yín bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń tini. Kí ẹnìkan bá yín fi téèpù wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.883, yóò fún yín ní nǹkan bíi 72.4. Iye yẹn ló yẹ kó wà láti àárín ọ̀pá tí apá pẹ́dà méjèèjì ń yí lé lórí títí dé orí ìjókòó, bí ẹ bá gbé téèpù tọ òpó ìjókòó lọ. Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1986, 1989 àti 1990, ni wọ́n sábà máa ń so ìṣirò yìí mọ́. Orí títì ni LeMond ti ń sáré, nítorí náà ẹ mú iye náà gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òfin.

Ẹni tí kò ní téèpù lè lo gìgísẹ̀. Kí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kó fara ti ògiri tàbí kí ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ náà mú, kó gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ na tán láìjẹ́ pé ìdí ń yẹ̀ lórí ìjókòó. Nígbà tó bá wá gbé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, tó jẹ́ pé ibi tó ga díẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló wà lórí pẹ́dà, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 25 sí 35. Fún ọ̀nà oko, èmi máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan sí iye ti orí títì, nítorí pé a nílò àyè láti gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó lójijì, kí ó má sì gbá wa nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ta sókè.

Ara fúnra rẹ̀ á sọ bó bá ti pọ̀ jù tàbí tó kéré jù. Bí ìjókòó bá ga jù, ìbàdí á máa fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń yí pẹ́dà, ẹ̀yìn orúnkún ni ìrora á sì gbà wọlé. Bó bá rẹlẹ̀ jù, iwájú orúnkún ni yóò máa dùn yín, itan á sì tètè rẹ̀ yín nítorí pé ẹsẹ̀ kò rí àyè nà. Ìrora iwájú orúnkún yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń mú wọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ̀rù ìṣubú ni, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òpònú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé a kì í jókòó sórí ìjókòó nígbà tí a bá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dà ìsàlẹ̀, ẹ rọra yọ ìdí síwájú kúrò lórí ìjókòó, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Ẹ ó wà ní ìdúró pẹ̀lú férémù láàárín itan yín. Bí ẹ bá fi ìdajì wákàtí kọ́ èyí lórí pápá, ìbẹ̀rù ìjókòó gíga á kúrò.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Mo ti rí i lára ara mi, lójú ọ̀nà oko kan nítòsí Ìdànrè, níbi tí òjò ti gbẹ́ kòtò gbọọrọ sáàárín ọ̀nà. Ìjókòó mi wà ní gíga tó dára fún òkè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn tán. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, táyà iwájú já sínú kòtò náà, kẹ̀kẹ́ dúró gbọ̀n-ún, ìjókòó sì tì mí nídìí bí ọwọ́ ẹnìkan. Orí háńdù ni mo gbà kọjá. Mo dìde, mo gbọn eruku nù, mo tú òpó ìjókòó, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje, mo sì padà lọ sórí gẹ̀rẹ́ kan náà. Táyà tún já sínú kòtò kan náà. Ìdí mi ti wà lẹ́yìn, lókè táyà ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀ mi tẹ̀, kẹ̀kẹ́ ta, èmi kò ta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìjókòó tó dára fún ìgòkè lè pa ènìyàn lára ní ìsọ̀kalẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti yé. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọjú sísàlẹ̀, ìwúwo ara wa ń súnmọ́ táyà iwájú. Bí táyà yẹn bá kọ lu nǹkan, kẹ̀kẹ́ á dẹ̀rìn, ṣùgbọ́n ara á ṣì máa lọ. Bí ìdí bá wà lókè, tó sì wà níwájú, ara á fi táyà iwájú ṣe ibi ìyípo, á sì dojú dé. Bí ìdí bá rẹlẹ̀, tó sì wà lẹ́yìn, ìwúwo náà á dúró sáàárín táyà méjèèjì. Ìjókòó gíga ni kì í jẹ́ kí ìdí rí ọ̀nà lọ sẹ́yìn tàbí sísàlẹ̀. Ó dúró bí òpó láàárín itan.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ irú gígùn yìí di eré ìdárayá bá ìṣòro kan náà pàdé. Ní Marin County, ní Califọ́níà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, àwọn kan gbé àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onítáyà gbàǹgbà lọ sórí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, wọ́n sì bá ara wọn díje láti sọ̀ kalẹ̀. Repack ni wọ́n ń pe ìdíje náà, nítorí pé bíréèkì inú táyà ẹ̀yìn máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á jóná tán, tí wọn á sì ní láti tún gíríìsì mìíràn dì sínú rẹ̀. Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, pẹ̀lú Josh Angell, ló ṣe sípíríǹgì kan tí wọ́n ń pè ní Hite-Rite, tó jáde ní ọdún 1984. Wọ́n á dè é mọ́ òpó ìjókòó. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á tú ìdè òpó náà, á fi ìdí tẹ ìjókòó sílẹ̀ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó bá sì tún tú u, sípíríǹgì á gbé e padà sókè sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Òpó tí wọ́n ń pè ní dropper lónìí, tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì lórí háńdù kí ìjókòó tó lọ sílẹ̀ tàbí sókè, ìdí kan náà ló ṣe wà. Àwọn mìíràn ń lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 100, àwọn mìíràn ń tó 200. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́ agunkè, ohun tí èmi yóò rà nìyẹn kí n tó ronú nípa táyà tàbí ṣéènì tuntun.

Ẹni tí kò ní in kò pàdánù o. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ló ní ìdè òpó ìjókòó tí à ń fi ọwọ́ lásán ṣí. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ sàmì sí ibi tí òpó náà ń wà fún ìgòkè, kí ẹ sì fi omíràn sàmì sí ibi tó ń wà fún ìsọ̀kalẹ̀, tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó gùn tó sì ga, ẹ dúró, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kì í pọ̀ jù. Ẹ wo ara òpó náà dáadáa: wọ́n máa ń gé ìlà sí ibi tí òpó kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn lókè férémù, òpó náà kò wọlé tó, ó sì lè ṣẹ́, tàbí kó fa férémù ya.

Lẹ́yìn gíga ni a ó wo síwá-sẹ́yìn. Ẹ tẹ́ apá pẹ́dà méjèèjì pẹrẹsẹ, ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó, kí ẹnìkan so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú, kó gbé òwú náà sí iwájú orúnkún ẹsẹ̀ tó wà níwájú, lábẹ́ eegun orúnkún gan-an. Ìlànà àtijọ́ sọ pé kí òwú náà já sí àárín pẹ́dà. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè gíga ni yóò bá yín sọ òótọ́. Bí táyà iwájú bá ń gbé kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, tí ẹ kò lè darí kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ ti ìjókòó síwájú ní mìlímítà márùn-ún. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yọ̀ lórí yangí, tí kò rí ilẹ̀ dì mú, ìwúwo yín ti súnmọ́ iwájú jù. Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ agunkè òde òní ti mú kí òpó ìjókòó dúró ṣánṣán ju ti àtijọ́ lọ, kí ìdí lè súnmọ́ iwájú nígbà ìgòkè; nítorí náà òwú lè já síwájú pẹ́dà lórí wọn, kò sì ní wu ẹnikẹ́ni léwu.

Ti ìtẹ̀sí ìjókòó kò gba àkókò. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kí imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kíún. Bí imú rẹ̀ bá yọ sókè, ojú ara á kú. Bó bá tẹ̀ sílẹ̀ jù, ara á máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ ni yóò sì gbé gbogbo ẹrù náà.

Ó wá kan háńdù. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ọ̀nà tí a sì ń gbà gbé e sókè dá lórí irú ọrùn tó ní. Nínú kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́, irin ọrùn háńdù wọ inú fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, bóòtù gígùn kan ló sì fún un mọ́ ibẹ̀ láti òkè. Ẹ tú bóòtù náà ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìyọ ọ́ tán, ẹ gbé pátákó lé e lórí, ẹ fi òòlù kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó há nísàlẹ̀ á tú, háńdù á sì ṣeé gbé. Òun náà ní ìlà tí kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá.

Ti òde òní yàtọ̀, òun ni mo sì ti rí tí àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọ iṣẹ́ wọn pàápàá ń ṣì mú. Ọrùn háńdù gbá ọ̀pá fọ́ọ̀kì mú láti ìta, pẹ̀lú bóòtù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bóòtù kékeré tó wà lórí ìdérí lókè kì í ṣe òun ló di háńdù mú rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fún bọ́ọ̀lù inú ọrùn kẹ̀kẹ́ pọ̀ kó má mì. Ẹni tí kò mọ èyí á fún bóòtù òkè lágbára, á wá rí i pé háńdù ń wúwo láti yí. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: ẹ tú bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ yọ ti òkè, ẹ yọ ọrùn háńdù, kí ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn òrùka tó yí ọ̀pá fọ́ọ̀kì ká láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sókè bí ẹ bá fẹ́ kó rẹlẹ̀, tàbí láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó ga. Ẹ dá ìdérí padà, ẹ rọra fún bóòtù òkè, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kí ẹ sì mi kẹ̀kẹ́ síwá-sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ kò bá gbọ́ ìró kankan mọ́ lọ́rùn kẹ̀kẹ́, tí háńdù sì ń yí fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó to háńdù kó bá táyà iwájú dọ́gba, kí ẹ sì fún bóòtù ẹ̀gbẹ́ ní ìdíwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 5 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń fún bóòtù), díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Bí háńdù bá bá ìjókòó dọ́gba, ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó dára nìyẹn fún ọ̀nà oko. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú sí i ní ìgòkè; bí ẹ bá gbé e sókè, ìsọ̀kalẹ̀ á rọrùn. Ẹ ṣọ́ okùn bíréèkì bí ẹ bá ń gbé e sókè, kó má baà fà tan nígbà tí ẹ bá yí háńdù pátápátá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti fífẹ̀ àti gígùn, àwọn kẹ̀kẹ́ agunkè ọdún 1990 sí 1999 sábà máa ń ní háńdù tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 560 sí 600 lọ, pẹ̀lú ọrùn háńdù tó gùn tó 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òde òní sábà máa ń fẹ̀ tó 740 sí 800, ọrùn rẹ̀ kò sì ju 35 sí 60 lọ. Háńdù fífẹ̀ ń fún ọwọ́ lágbára láti mú táyà dúró ṣinṣin nígbà tí òkúta bá fẹ́ yí i. Ọrùn kúkúrú sì ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tètè gbọ́ràn, kí ara má sì nà kọjá táyà iwájú. Ẹ má wulẹ̀ gbé ọrùn tó gùn ní 40 lé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́ o. Férémù rẹ̀ kúrú níwájú, orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan háńdù. Nǹkan bíi 70 sí 80 ló máa ń bá irú rẹ̀ mu jù. Láti mọ bí háńdù yín ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín sókè kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì láti ìta dé ìta. Bí ẹ bá fẹ́ gé háńdù, mìlímítà márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa gé lẹ́ẹ̀kan, nítorí a kì í lẹ irin padà.

Ọ̀pá bíréèkì gbọ́dọ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀, kó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá dúró lórí pẹ́dà, apá, ọrùn ọwọ́ àti ọmọ ìka á wà lórí ìlà kan. Ẹ tì í wọ inú síhà àárín háńdù títí ìka ìlábẹ̀ nìkan yóò fi dé ṣóńṣó rẹ̀. Ìka kan tó láti tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kù ni kó di háńdù mú.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, ní mìlímítà mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sì gun ọ̀nà kan náà wò lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tó ní òkè kan àti gẹ̀rẹ́ kan ó kéré tán. Ẹ kọ iye tó wà tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó tú bóòtù kankan. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ dúró síwájú kẹ̀kẹ́, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, kí ẹ sì fi agbára gbìyànjú láti yí háńdù. Bó bá yẹ̀ kúrò lọ́gbọọgba pẹ̀lú táyà, ẹ kò tíì fún un tó. Ẹ gbá ìjókòó mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ lọ́ ọ. Bí kò bá mì, ẹ lè máa lọ.